Ohun Tí Jíbọ́lá Bá Ti Dè, Taofeeq Kì Í Tú U

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn tòní kò ní ariwo nínú. Kò sẹ́ni tó gba ìyàwó oníyàwó, kò sẹ́ni tó kówó jẹ. Ọkùnrin méjì ni, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Gangare níbí, ní ìlú Jos. Ọ̀kan nínú wọn pa irọ́ kékeré kan, irọ́ tí èèyàn lè pa kó tó gbé itọ́ mì.

Jíbọ́lá lorúkọ ẹni tó pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má fi orúkọ mìíràn bo òun láṣìírí. Ó ní gbogbo Jenta Adamu, àdúgbò òun, ti mọ̀ tán, kí ni òun tún ń fi pamọ́. Bó ṣe jókòó níwájú mi tó ń rò ó, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀ tipẹ́, mi ò sì ní í purọ́ fún yín, ó rẹ èmi tí mò ń gbọ́ náà.

Tíṣà ni bàbá Jíbọ́lá. Láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé e wá sí Plateau, kò sì padà mọ́. Gangare ni wọ́n bí Jíbọ́lá sí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé àwọn Taofeeq ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn Taofeeq ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn Jíbọ́lá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ò sì ka ìyẹn sí nǹkan kan. Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré, Yorùbá ni àwọn òbí wọn fi ń bá wọn wí.

Nígbà tí wàhálà ẹ̀sìn wọ ìlú, ìlú pín, Mùsùlùmí lápá kan, Kìrìsìtẹ́nì lápá kejì. Bàbá Jíbọ́lá kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Jenta Adamu, àwọn Taofeeq dúró sí Gangare. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló parí síbẹ̀. Tiwọn ò parí. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Gangare. Jíbọ́lá á wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá láàárọ̀, á tún wọ̀ ọ́ padà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Taofeeq ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ. Bí oníbàárà bá ní kó bá òun tún iṣẹ́ tí Jíbọ́lá ṣe yẹ̀ wò, á rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí Jíbọ́lá bá ti dè, èmi kì í tú u."

Kì í sì í tú u lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ wá dórí Tabitha. Ọmọ ẹ̀yà Berom ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Jíbọ́lá ní Jenta Adamu. Káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ló ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń jẹun. Kọ̀ǹpútà yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Á máa pariwo bí ẹ̀rọ ata, á sì kú lójijì láàárín iṣẹ́.

Jíbọ́lá ní kó jẹ́ kí òun gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú Tabitha yí padà.

"Gangare? Ṣé Taofeeq yẹn ló máa fọwọ́ kàn án?"

"Taofeeq yẹn mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Fọkàn balẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣe é, èmi ni kó o mú."

Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Prosẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò fẹ̀ ju bisikíìtì lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná gidigidi. Irin ńlá kan tó ní abẹ wẹ́wẹ́, híìtìsínkì, ni wọ́n ń dè mọ́ ọn lórí kó lè fa ooru yẹn kúrò lára rẹ̀. Láàárín irin àti prosẹ́sọ̀, wọ́n á fi péèsìtì kan síbẹ̀, ó rí bí ìpara, òun ló ń jẹ́ kí ooru rọ́nà kọjá. Bí péèsìtì bá pẹ́, á gbẹ, ẹ̀rọ á sì máa gbóná. Iṣẹ́ kékeré ni: tú irin, nu èyí tó gbẹ, fi tuntun sí i, dè é padà.

Ṣùgbọ́n Jos la wà. Ẹ̀yin tí ooru ń mú níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ lè má mọ ohun tí ọyẹ́ ń fojú wa rí. Nínú ọyẹ́, péèsìtì tó ti gbẹ á di sìmẹ́ǹtì. Bí èèyàn bá fi agbára fa irin yẹn sókè, prosẹ́sọ̀ á bá a jáde, àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó pọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, á tẹ̀, á sì ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Taofeeq fi ní òfin kan. Nínú ọyẹ́, kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà kó ṣiṣẹ́ kó gbóná, kí péèsìtì rọ̀. Lẹ́yìn náà, rọra yí irin sọ́tùn-ún, yí i sósì, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, kó o tó gbé e. Jíbọ́lá mọ òfin yìí bó ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Taofeeq ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kuru. Iná ò sí. Ọmọ Jíbọ́lá ti wúkọ́ mọ́jú, òun àti Rhoda ìyàwó rẹ̀ ò fojú kan oorun. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì nìyí, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni kì í fẹ́ jí. Jíbọ́lá fa okùn rẹ̀ títí èjìká fi ń ro ó. Kò tàn.

Tabitha pè é. "Ṣé ó ti parí? Àwọn olókùú ń dúró dè mí."

"Ó kù díẹ̀."

Ó tún lọ fa okùn. Kò tàn. Tabitha tún pè. Ó tún ní ó kù díẹ̀.

Ó padà wá jókòó síwájú ẹ̀rọ náà. Ó fọwọ́ kan irin, ó tutù bí omi kànga àárọ̀. Ó wo okùn jẹnẹrétọ̀, ó wo irin. Ó ní nǹkan kan ń sọ fún òun nínú pé, lẹ́ẹ̀kan yìí péré, ta ni yóò mọ̀? Èmi rò pé kò sí nǹkan kan tó ń sọ ọ́. Agara ló dá a.

Ó tú súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbìyànjú kó yí irin náà, kò yí. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fi í sílẹ̀ kó lọ tọrọ iná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í nini lára. Jíbọ́lá mọ òwe náà, ó kà á fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ òsì tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó fi tọ̀tún fà.

Ó dún "ká."

Irin jáde. Nígbà tó dojú rẹ̀ sókè, prosẹ́sọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sókè. Apá kan ti tẹ̀. Àwọn mélòó kan ti ṣẹ́ pátápátá.

Ó wá abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn tó tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀ ṣeé nà, èyí tó ṣẹ́ kò ṣeé ṣe nǹkan kan. Ó nu péèsìtì tó gbẹ, ó fi tuntun sí i, ó dá prosẹ́sọ̀ padà sáyè rẹ̀, ó de irin lé e. Ó wá lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbọ́ o, fífà kan ṣoṣo, ó tàn.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́. Fáànù yí, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri.

Tabitha tún pè. Jíbọ́lá ní ẹ̀rọ náà kò mà jí mọ́ o.

"Kò jí bíi ti báwo? Ó ń ṣiṣẹ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Ta ló ṣí i?"

Ó ya ẹnu láti sọ pé òun ni. Ó rántí gbólóhùn tó fọ́nnu sọ, pé òun ni kó mú.

"Taofeeq ni."

"Mo mọ̀," ni Tabitha wí, ó sì pa fóònù.

Jíbọ́lá sọ fún mi pé òun ò gbèrò rẹ̀, pé obìnrin náà ti ní ìdáhùn lọ́kàn kó tó bi òun. Mo ní, Jíbọ́lá, irọ́ kì í sọ ara rẹ̀, ẹnu èèyàn ló ń bá jáde. Ó ní òótọ́ ni.

Taofeeq dé láti Kuru, eruku bò ó lórí bò ó lẹ́sẹ̀. Ó rí ẹ̀rọ náà lórí tábìlì.

"Ti Tabitha nìyí? Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ti kú. Mo rò pé ó ti ń kú lọ kó tó dé ibí."

"Ṣé o ṣí i?"

"Mo ṣí i. Kò sí nǹkan tá a lè ṣe sí i."

Taofeeq nawọ́ sí sukudiráfà. Jíbọ́lá rò pé ó fẹ́ tú ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn fẹ́ gbé e kúrò lórí àga kó lè rí ibi jókòó ni.

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo dè é, kí ni mo tún fẹ́ wò ńbẹ̀? Dá a padà fún un, kó o bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jíbọ́lá ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà padà sí Jenta Adamu, ó gbé e lé Tabitha lọ́wọ́, ó ń wolẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu Tabitha, ó dé ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Benjamin. Láti ẹnu Benjamin, ó dé ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Bó sì ṣe ń rìn ló ń sanra. Rhoda ti ibi ìdí omi gbọ́ ọ wálé.

"Wọ́n ní Taofeeq yọ prosẹ́sọ̀ Tabitha tó dáa, ó fi òkú sí i. Wọ́n ní ó ti tà á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Benjamin ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má gbé nǹkan lọ sí Gangare." Rhoda wò ó. "Ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni ìwọ sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Lẹ́yìn irọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan lóòótọ́ láti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la, bí ọ̀la bá dé, ó ní kó di lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi. Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ń rẹ èèyàn? Kò jẹun dáadáa mọ́, bí fóònù bá dún, á dojú rẹ̀ délẹ̀.

Àwọn oníbàárà Jenta Adamu bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ òun padà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣí i. Taofeeq gbé e fún un, kò bá a jiyàn. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó bojú wo Jíbọ́lá.

"Kí la ṣe fún wọn?"

"Ayé ni," ni Jíbọ́lá wí.

Ẹ ò rí nǹkan. Ọ̀rẹ́ ń wá ìtùnú lọ́wọ́ ẹni tó gún un lọ́bẹ.

Ọjọ́ tí Taofeeq gbọ́ pé wọ́n ń pe òun ní olè, kò bínú. Ó wá ní òun ń lọ sí Jenta Adamu. Láti ìgbà wàhálà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ibẹ̀ rí.

"Má lọ," ni Jíbọ́lá wí. "Ṣebí o mọ bí ibẹ̀ ṣe rí."

"Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, Jíbọ́lá. Mi ò lè jẹ́ olè níbẹ̀. Màá tú ẹ̀rọ yẹn níwájú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ prosẹ́sọ̀ ló kú, màá fún un ní tèmi. Ìwọ sáà mú mi délé wọn."

Ó yọ prosẹ́sọ̀ inú ẹ̀rọ, irú ti Tabitha gan-an, tí ìyàwó rẹ̀ Màrdíyyàh ń lò nílé, ó fi òwú dì í. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn méjèèjì wọ kẹ̀kẹ́. Taofeeq gbé àpò irinṣẹ́ lé itan. Jíbọ́lá ní gbogbo ọ̀nà lòun ń sọ fún ara òun pé, sọ ọ́ báyìí, sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dé títì tó pààlà àdúgbò méjèèjì. Wọ́n kọjá títì náà.

"O dákẹ́ jù," ni Taofeeq wí.

"Ọyẹ́ ni."

Pálọ̀ Tabitha ni wọ́n jókòó sí. Benjamin wà nídìí ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà. Hausa ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Taofeeq kí wọn, "Sannunku," wọ́n dá a lóhùn wẹ́rẹ́. A dúpẹ́, iná wà. Ó tan ẹ̀rọ náà, fáànù yí, ojú rẹ̀ dúdú. Ó pa á.

"Tabitha, jọ̀ọ́, ṣé o ní díráyà tẹ́ ẹ fi ń gbẹ irun?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ̀rọ yìí ò ṣiṣẹ́ débi tó máa gbóná, mo fẹ́ fi mú irin yìí gbóná. Bí mo bá fà á nínú òtútù yìí, prosẹ́sọ̀ lè bá a jáde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́."

Benjamin rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. "Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àbí torí pé a jókòó tì ọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò fa irin títutù rí nínú ọyẹ́. Ẹ bi Jíbọ́lá."

Benjamin yíjú. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Jíbọ́lá wí. "Kì í fà á láìgbóná."

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún àwọn ará Jenta nìyẹn, òun ló sì fi de ara rẹ̀.

Taofeeq fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí irin náà, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ wò. Ó tú súkúrù. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e. Ó wo péèsìtì abẹ́ rẹ̀, tuntun ni. Ó gbé ọwọ́ irin kékeré tó di prosẹ́sọ̀ mú sókè, ó fi ìka méjì yọ ọ́, ó gbé e sí ojú fèrèsé.

Ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Jíbọ́lá rí i nígbà tó yé Taofeeq, torí èjìká ọkùnrin náà wálẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Tabitha sún mọ́ ọn. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Wọ́n fà á nígbà tó tutù."

"Ṣebí o ní o kì í fà á nígbà tó tutù?"

Taofeeq fi prosẹ́sọ̀ náà sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òwú nínú àpò.

"Ta ló wá ṣí i?" Tabitha ń ronú bó ṣe ń sọ ọ́. Ó yíjú sí Jíbọ́lá. "Mo bi ọ́ lórí fóònù. Ìwọ lo sọ fún mi pé Taofeeq ni."

Ìgbà yẹn ni Taofeeq gbójú sókè. Láti ọjọ́ yìí, ó ti rò pé ìkórìíra àtijọ́ ni àwọn ará Jenta fi ń parọ́ mọ́ òun. Kò mọ̀ pé láti ṣọ́ọ̀bù òun ni irọ́ náà ti jáde.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti Jíbọ́lá kò tiẹ̀ pẹ́ tó oṣù kan.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo fà á. Iná ò sí, ó ti rẹ̀ mí. Nígbà tí Tabitha bi mí, ojú tì mí, mo dárúkọ rẹ."

Benjamin tú apá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wolẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ti pe ọkùnrin yìí ní olè káàkiri.

Taofeeq mi orí, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu irin títí ó fi ń dán. Ó tú prosẹ́sọ̀ Màrdíyyàh sílẹ̀ nínú òwú, ó gbé e sáyè láìtẹ̀ ẹ́, prosẹ́sọ̀ náà jókòó fúnra rẹ̀. Ó kán péèsìtì tó tó hóró ìrẹsì kan sí àárín, ó gbé irin lé e, ó wá ń de súkúrù díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Jíbọ́lá ní ìgbà tó wu òun jù lọ láti kú nìyẹn, kí òun máa wo ọwọ́ yẹn bó ṣe ń fi sùúrù ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ náà tàn.

Tabitha ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kó má bínú. "Ba komai," ni Taofeeq wí, kò burú. Benjamin fúnra rẹ̀ ló gba àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé títì. Jíbọ́lá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí Benjamin padà, Jíbọ́lá sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Taofeeq, bú mi."

"Kí n bú ọ kí n fi ṣe kí ni? Ó ti rẹ̀ mí, Jíbọ́lá. Jẹ́ ká máa lọ."

Jíbọ́lá ti lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Jenta Adamu, ó jẹ́wọ́ fún wọn. Tabitha ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Gangare fúnra rẹ̀ báyìí. Benjamin náà ti gbé tirẹ̀ lọ. Orúkọ Taofeeq ti mọ́, a sì dúpẹ́.

Ẹ̀yin á rò pé Taofeeq lé Jíbọ́lá. Kò lé e. Wọ́n ṣì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣì ń mu tíì nínú kẹ́tùlù kan náà, Taofeeq ṣì ń béèrè ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Jíbọ́lá parí ẹ̀rọ kan, ó dè é, ó jáde lọ ra àkàrà. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà, ó bá Taofeeq tó tẹ̀ ba lé ẹ̀rọ náà, ó ń tú súkúrù tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dè. Ó gbé irin sókè, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ó dè é padà. Nígbà tó rí Jíbọ́lá, ojú tì í bíi pé òun ló ń jalè.

Jíbọ́lá já àkàrà náà sí méjì, ó gbé apá kan fún un, wọ́n jẹ ẹ́.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ronú títí, ó ní kí n sáà sọ bí nǹkan ṣe rí báyìí. Bó bá ti parí iṣẹ́ kan, kì í dè é mọ́. Á to àwọn súkúrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, á rọra sún un síwájú Taofeeq, á sì lọ jókòó.